Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ n'Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ wo bí máàpù ọ̀fẹ́ ṣe lè gbé ilẹ̀ yín sórí ilẹ̀ onílẹ̀!

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹkún fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Láti Ìgbógbó títí dé Ìmọ́tà, kẹ́ ẹ gba Ìtòikin wọ Ẹ̀pẹ́, pátákó ilẹ̀ títà lẹ ó máa rí. Àjẹ́ńtì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ yìí ò ní wàhálà kankan." Ó tún ti di àṣà báyìí kó na fóònù sí oníbàárà, kó ní kó wo máàpù fúnra ẹ̀. Máàpù ọ̀hún la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, torí àǹfààní ńbẹ nínú ẹ̀, ewu sì ńbẹ níbẹ̀ fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n lò.

OpenStreetMap lorúkọ rẹ̀. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti Google. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúgbò rẹ̀ ló lè ya títì, ọjà, ilé-ìwé àti odò ibẹ̀ sí i, gbogbo ayé á sì máa lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ẹni tó lò ó sọ ibi tó ti rí i, bó bá sì tún un ṣe tó fẹ́ gbé e síta, kó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya Mákòkó sí i lọ́dún 2019, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù kankan tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó kàn fẹ́ wò ó lórí fóònù ò níṣòro. Iṣẹ́ wà fẹ́ni tó fẹ́ gbé e jáde sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀: àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀, káńsù tó fẹ́ mọ ibi tí ilé-ìwòsàn wà, tàbí àwọn tó ń wá ibi tí omi máa ń dé bí wọ́n bá ṣí Dáàmù Ọyán, tí Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú sì kún. Ilé-iṣẹ́ Geofabrik ní Jámánì ń kó ti Nàìjíríà lódindi jáde lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ Ẹ̀pẹ́ nìkan, kó lọ síbi Export Tool tàwọn ẹgbẹ́ HOT. Á ya àpótí yí Ẹ̀pẹ́ ká, á mú ohun tó fẹ́, bóyá títì tàbí ilé, á sọ irú fáìlì tó ń wá, wọ́n á sì fi í-meèlì pè é tó bá ti jinná.

Irú fáìlì wo? Shapefile ti ilé-iṣẹ́ Esri l'Amẹ́ríkà làwọn àgbà iṣẹ́ mọ̀ jù. Ẹyọ kan kọ́ lòun o, mẹ́ta ni ó kéré tán: .shp, .shx àti .dbf. Ẹni tó fi .shp nìkan ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ lórí WhatsApp ò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àkọlé inú ẹ̀ ò lè ju lẹ́tà 10 lọ, bí wọn ò bá sì fi UTF-8 kọ ọ́, àmì orí Yorùbá á di jágbajàgba. Ẹ̀pẹ́ á di nǹkan tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an ò ní dá mọ̀. Lójú tèmi, GeoPackage tó dé lọ́dún 2014 ló dáa jù, fáìlì ẹyọ kan ṣoṣo ni. KML wà fún Google Earth. QGIS, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, á ṣí gbogbo wọn.

Ibi tí wàhálà wà rèé. WGS 84 ni ìwọ̀n tí máàpù yìí ń lò, òun náà ni fóònù yín ń lò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n Minna, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látojú àmì kan nítòsí ìlú Minna lókè Ọya, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè wa. Bẹ́ ẹ bá kó nọ́ńbà ìwé sọ́fè sórí máàpù láìyí i padà, ilẹ̀ yín á sún ju mítà 50 lọ. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 rèé, kò ju bíi mítà 18 sí 36 lọ! Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ẹ̀ á máa pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, ẹni tí tiẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ìjọba á máa dáná àríyá.

Ẹ sọ fún QGIS pé Minna / UTM zone 31N ni, nọ́ńbà ẹ̀ ni 26331, á sì yí i fúnra ẹ̀. Síbẹ̀, OpenStreetMap ò mọ onílẹ̀. Látìgbà tí òfin ilẹ̀ ti dé lọ́dún 1978, ọwọ́ gómìnà nilẹ̀ wà, ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá ló sì lè sọ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Ìwé sọ́fè ni kẹ́ ẹ mú lọ síbẹ̀, ẹ fi fóònù àjẹ́ńtì sílẹ̀ fún àjẹ́ńtì.

Ẹni tó bá sì kó tiẹ̀ sórí máàpù tó já sáàrin ọ̀sà, kó kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé lẹ́tà.