Kí Ọmọ Tó Fọwọ́ Kan Ìbọn

Nílé ọdẹ tí wọ́n bí mi sí ní Ṣakí, òwe kan wà tí etí wa kún fún láti kékeré: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí á kọjú ìbọn kọ òun? Àwọn àgbà ìlú a máa pa á níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ni. Ọmọ tó bá mú igi pákí, tó ní ìbọn ni, tó wá nà án sí ọmọ ẹlòmíràn, yóò jẹ́jọ́ níwájú Bàbá wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ò gbà pé eré ni. Wọ́n ní ẹni tí nína igi sí ènìyàn bá ti mọ́ lára, irin ni yóò nà lọ́la.

Ìbọn kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ìró rẹ̀ ló fún ogun Kírìjì (1877 sí 1893) lórúkọ. Ní ayé tiwa, ó ti fẹ́ di ohun tí a ń gbé kọ́ sára ògiri, àfi ọjọ́ ọdún Ògún tàbí ọjọ́ ìsìnkú ọdẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjínigbé gbilẹ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa sì dá ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ tún gbé ìbọn wọn sọ̀kalẹ̀. Ìbọn padà wá sínú yàrá tí ọmọdé ń sùn sí. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó bá a wá kò dé, ohun tó ń dun èmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ṣakabùlà, ìbọn tí àwa ọdẹ ń lò, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá ti akísà lé e lórí, a ó da ọta sí i, a ó tún ti akísà. Lẹ́yìn èyí la ó wá fi ohun kékeré tó ń ṣáná sí ìdí rẹ̀, níbi tí apátí yóò ti gbá a. Ẹ̀tù tó bá pọ̀ jù lè fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá ti ki í tán, kò rọrùn láti tú u. Yíyìn la sábà máa fi ń sọ ọ́ di òfìfo. Ọdẹ tí kò rí ẹran pa lóru lè gbé e padà wálé bẹ́ẹ̀, kí ó sì wà lára ògiri, kí ojú má mọ̀ pé ikú ń bẹ níkùn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ìbọn. Ọ̀pá tí a fi ń ki í ni. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé àmì kan sí i lára. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ohun tó ń ṣáná kúrò ní ìdí ìbọn, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ sókè, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí mi ò gbọdọ̀ ré kọjá ẹnu náà. Mo máa rọra ti ọ̀pá wọlé. Bí àmì bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ìbọn, inú rẹ̀ ṣófo. Bí àmì bá dúró síta, bó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìka mẹ́rin, nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí n sọ èyí tí mo rí. Bí mo bá sọ ọ́ tán, àwọn fúnra wọn yóò tún wò ó. Bí bàbá tiwọn ṣe ṣe fún wọn nìyẹn. Kódà nígbà tí àwa méjèèjì bá ti fẹnu kò pé ó ṣófo, wọ́n ṣì ń gbé e bí ẹni pé ó kún.

Ọmọ ọdẹ a máa pẹ́ kó tó yìn. Rọ́bà la fi bẹ̀rẹ̀, a kọ́ okùn dídẹ, a ru ọ̀yà tí àgbà pa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá sun igbó, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi àwa ọmọdé sí pẹ̀lú kóńdó àti ajá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yìnbọn sí ibi tí ènìyàn wà, bí ẹran tilẹ̀ sá gba ibẹ̀. Lóru, ojú ẹran a máa tàn nínú iná ọdẹ. Ojú ewúrẹ́ náà ń tàn, ti màlúù ń tàn, ti ajá ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ ń tàn. Bàbá ní, "A kì í yìnbọn fún ojú. Ara là ń rí." Ìgalà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ níṣojú mi nítorí pé wọn ò tíì rí ara rẹ̀, wọn ò sì pòṣé.

Ìbínú ni Bàbá ń bẹ̀rù ju ẹ̀tù lọ. Ìtàn Ògún nílùú Ìrè ni wọ́n ń sọ fún wa: bó ṣe dé, tó bá akèrègbè ẹmu tó ṣófo, tí àwọn ènìyàn ò sì dá a lóhùn, tó fi idà pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá bá bá ẹnikẹ́ni jà, tàbí tí wọ́n bá mu ẹmu, wọn kì í dé ibi tí ìbọn wà. Nígbà tí mo di tíṣà, tí mo ka òfin ìbọn ti ọdún 1959, mo rí i pé ó dárúkọ irú ìbọn wa yìí, ó ní kí ẹni tó ni ín gbàwé àṣẹ, kò sì gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfin ilé wa gan-an.

Àwọn àgbà kan ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn fọ́mọ, ọkàn rẹ̀ á fà sí i. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti fà sí i nínú fíìmù àti fóònù, níbi tí wọ́n ti ń yìn ín láìsí ẹni tó ń sunkún. Ẹni tí a sì ń gbàgbé jù ni ọmọbìnrin. Nílé wa, ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì ń gbá yàrá tí ìbọn wà láràárọ̀. Àṣìṣe ńlá ni mo kà á sí.

Àbúrò mi ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ìdí ilẹ̀kùn ló ń gbé ìbọn rẹ̀ tì tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá ń sùn lọ́sàn-án, ó ní ọ̀tá kì í dá ìgbà. A jiyàn lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó bẹ kápẹ́ńtà níṣẹ́ àpótí gígùn kan, ó fi àgádágodo sí i, ó sì fún ìyàwó rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀tù wà ní yàrá kejì, ó jìnnà sí ààrò. Ó ti fi ọ̀pá alámì náà han gbogbo àwọn ọmọ, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń bi léèrè ohun tó rí.