Igba Ojú Tó Ń Bá Wa Wo Ọmọ

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nílé, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ará ilé ni igba ojú náà. Lájò tí a wà yìí, owó ni a fi ń wá wọn. Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ yín láti ka ìwé ìtàn àròsọ kan tó jáde ní 2019, Such a Fun Age. Kiley Reid, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ rí, ló kọ ọ́.

Ìlú Philadelphia ni ìtàn náà dá lé. Emira, omidan adúláwọ̀ ẹni ọdún 25, ń bá Alix, òyìnbó ọlọ́rọ̀, tọ́jú Briar, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3. Lóru ọjọ́ kan, Alix bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé ọmọ náà jáde nílé fún ìgbà díẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ni ẹ̀ṣọ́ ti dá a dúró, ó ní bóyá ńṣe ló jí ọmọ gbé. Láti ìgbà náà ni Alix ti ń wá bí yóò ṣe sọ Emira di ọ̀rẹ́. Ó ń fún un ní wáìnì, ó sì ń yọ́ fóònù rẹ̀ wò. Kò mọ̀ pé ohun tó ń ba Emira lẹ́rù ni pé, bó bá pé ọdún 26, kò ní rí inṣọ́ránsì ìwòsàn àwọn òbí rẹ̀ lò mọ́. Ìfẹ́ Briar ni kò jẹ́ kí ó tètè lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan nínú wa ń fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ lọ wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn sì ń gba alágbàtọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹbí tí mo ń ṣe, ìyá kan tọ̀ mí wá rí. Ó bá alágbàtọ́ jà nítorí owó, ó sì lé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúkọ obìnrin náà ni ọmọ ń ké lóru. Ìyá rò pé ọmọ kò fẹ́ràn òun mọ́ ni. Mo sọ fún un pé ọ̀fọ̀ ló ṣe ọmọ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jowú ẹni tí ọmọ yín fẹ́ràn. Ẹ san owó rẹ̀ pé, kó sì bọ́ sákòókò. Bí ìpínyà bá dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀, kí ó sì dágbére. Ọ̀rẹ́ tí a ń bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wa ṣe kò lè rọ́pò owó iṣẹ́ rẹ̀.