Ilé Tí Mọ́tò Ń Fà: Kí A Tó Ra Àlòkù Rẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì bí wọ́n bá ń lọ ìrìn-àjò. Ilé ni wọ́n ń so mọ́ mọ́tò, tí wọ́n á sì máa fà á lọ. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tuntun rẹ̀ wọ́n gan-an. Nítorí náà, àlòkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí ní ìlú mìíràn níbẹ̀ lè fẹ́ rà á kí àwọn àti àwọn ọmọ wọn lè máa rìn kiri nígbà ìsinmi. Àwọn gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní fifth wheel. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ karùn-ún. Kí ló dé tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀? Láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló ń yí nílẹ̀. Wọ́n a tún fi òbìrí irin kan lélẹ̀ pẹrẹsẹ sórí ọ̀pá tó so kẹ̀kẹ́ méjì iwájú pọ̀, kí iwájú ọkọ̀ lè máa yí sọ́tùn-ún sósì. Òbìrí irin yẹn ni kẹ̀kẹ́ karùn-ún. Ẹṣin ti lọ, orúkọ kò lọ.

Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti rí nǹkan yìí rí. Ẹ wo tírélà tó ń gbé kọ̀ńténà. Orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ara rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Irin pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn orí náà, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀pá irin kúkurú kan sì wà lábẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀pá a wọ ẹnu, ẹnu a sì pa dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé tí a ń wí yìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé pick-up ló ń fà á, àárín ibi tí pick-up ń gbé ẹrù sí ni wọ́n sì ti de ẹnu irin náà mọ́lẹ̀. Nítorí pé ilé náà gbára lé orí táyà ẹ̀yìn mọ́tò, kì í sábà máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún bí èyí tí a so mọ́ ìdí mọ́tò lásán.

Fífà yàtọ̀ sí rírù

Mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì wo ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rí ilé tó wù wọ́n, tí wọ́n á sanwó, kí wọ́n tó rí i pé mọ́tò àwọn kò ká a. Ẹni tó ń tà á a ní, "Mọ́tò yín lè fa ju èyí lọ, ẹ má fòyà." Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé yìí, a ń fà á ni, a sì ń rù ú pẹ̀lú. Bí a bá pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, nǹkan bí ọ̀nà kan ló ń jókòó sórí ẹ̀yìn mọ́tò. Nígbà mìíràn, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mú gègé àti ìwé, kí a jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ìwé pélébé kan wà lára ilé náà lóde, lápá òsì níwájú. Ó sọ ìwọ̀n tí ilé àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní 10,000 pọ́n-ùn ni, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 4,500. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 2,000. Ká ní ẹnu irin tí a dè mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wúwo tó 150. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta jẹ́ 600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,750 pọ́n-ùn. Ó yá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé pélébé mìíràn wà lára férémù ilẹ̀kùn náà, tó sọ iye tí ènìyàn àti ẹrù orí mọ́tò kò gbọdọ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ 1,700 ni ẹ kà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mọ́tò náà lè fà á kúrò lójú kan o! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rì, iwájú rẹ̀ yóò fúyẹ́, bírékì kò ní mú bó ti yẹ, táyà sì lè bẹ́ lórí eré. Àwọn ọmọ yín ló wà nínú mọ́tò yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀n ilé òfìfo tàn yín. Ta ló ń lọ ìrìn-àjò láìgbé ìkòkò, oúnjẹ àti aṣọ? Omi nìkan, bí ó bá kún táǹkì tó gba gálọ́ọ̀nù 50, ó ju 400 pọ́n-ùn lọ.

Omi ló ń pa á

Bí mọ́tò bá ká a, ẹ wá lọ wo ilé náà. Táyà ṣe é pààrọ̀, bírékì ṣe é tún ṣe. Ohun tó ń sọ àlòkù ilé yìí di aláìwúlò ni omi òjò. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lábẹ́ òrùlé púpọ̀ nínú wọn, rọ́bà ni wọ́n sì fi bò ó. Wọ́n a fi àtè dí gbogbo etí àti oríkèé rẹ̀. Oòrùn a máa mú àtè náà sán. Òjò a rí ọ̀nà gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, pákó inú ògiri a sì jẹrà níbi tí ojú kò tó.

Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ kejì tí òjò rọ̀, bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wo etí òrùlé àti ìdí gbogbo fèrèsé orí rẹ̀. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà, kí ẹ fi ojú tẹ̀lé ògiri rẹ̀; bó bá wú síta bí ikùn, omi ti wọ̀ ọ́. Nínú ilé, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, nídìí ìgbọ̀nsẹ̀ àti ní àwọn igun yàrá tó ń yọ síta bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ dágbére fún ẹni tó ń tà á. Àtúnṣe rẹ̀ lè gba owó ju iye tí ẹ fẹ́ rà á lọ. Àwa kì í sì í fọkàn tán ilé àlòkù tó ń ta sánsán bí ìsọ̀ lọ́fínńdà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí.

Lára táyà, ẹ wá àwọn lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ fi owó òmíràn pamọ́ dè é, ìbáà tilẹ̀ dà bí tuntun lójú. Ẹ rí i pẹ̀lú pé nọ́ńbà tó wà lára ilé bá ti inú ìwé rẹ̀ mu, àti pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀.

Gáàsì ńkọ́? Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń kígbe bí gáàsì bá jò fi máa ń wà nítòsí ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gbó. Ẹ ka ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ kan oríkèé páìpù gáàsì, bó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má ṣe tan sítóófù láti fi yá iná òtútù lóru, nítorí èéfín kan wà tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra

Ẹ fi ìdènà sídìí táyà ilé kí ẹ tó so ó tàbí kí ẹ tó tú u. Bí ọ̀pá bá ti wọ ẹnu irin, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó pé ó pa dé. Ẹ so wáyà iná àti ti bírékì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí a ń fi kọ́ mọ́tò: bí ilé bá já, òun ló ń fa bírékì ilé náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ irin ilé sókè tán, ẹ rọra fi mọ́tò fà á díẹ̀. Bó bá máa já, ibẹ̀ ni kó ti já.

Ilé yìí ga. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 tàbí 13. Ẹ wọn tiyín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀. Fóònù tó ń júwe ọ̀nà fún mọ́tò kékeré kò mọ̀ pé ẹ fa ilé lẹ́yìn. Ọ̀nà Merritt Parkway ní Connecticut, bí àpẹẹrẹ, kò gba ohunkóhun tí a ń fà rárá, afárá rẹ̀ sì kúrú.

Kí ìrìn àkọ́kọ́ má jìnnà sílé. Alẹ́ méjì tó. Ẹ wá ibùdó tó ní omi àti iná. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́yín mẹ́ta jẹ́ 30 amp, ẹlẹ́yín mẹ́rin jẹ́ 50 amp. Ní ti omi ẹ̀gbin, táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú dànù, kí omi ìwẹ̀ tó tẹ̀lé e lè fọ rọ́bà náà mọ́. Ẹ má fi ẹnu táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, torí omi á ṣàn lọ, ohun tó kù á gbẹ síbẹ̀ bí òkúta.

Níbi tí òtútù ti ń mú kí omi dì, ẹ fa gbogbo omi inú páìpù gbẹ kí òtútù tó dé, kí ẹ sì da oògùn aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe fún páìpù omi mímu sí i. Ti rédíétọ̀ mọ́tò kọ́ o. Májèlé nìyẹn.