Bíà tí a pọn nílé: báwo ló ṣe le tó gan-an?

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí a jọ ń gbé ilé kan níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí bíà tí a fọwọ́ ara wa pọn. Nígbà tó fi máa di agogo méjìlá òru, ọ̀rẹ́ wa kan ti mu ife páìntì mẹ́ta. Ó fẹ́ wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ló bá bi wá pé: “Ìdá mélòó ni ọtí yín yìí?” A dáhùn láìronú pé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo nìyẹn.

Àṣé irọ́ la pa fún un, a kò kàn mọ̀ ni. Agolo náà ní kí a pọn ọtí náà ní lítà 23. Ike wa kò gbà ju lítà 20 lọ, a sì tún fi ìdajì kílò ṣúgà kún un kó lè dùn mọ́ wa lẹ́nu. Ọtí inú ike wa kì í ṣe ọtí ara agolo mọ́.

Bí ọtí ṣe ń di ọtí kò ṣòro láti yé ni. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú omi mọ́ọ̀tì, tó sì ń sọ ọ́ di alcohol àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Ẹni tó bá ti mu ẹmu rí nílé mọ̀ ọ́n lẹ́nu: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ máa ń dùn gan-an, àmọ́ tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn ti dín kù, agbára ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe kù tó lópin, ó lè ṣírò iye tó ti di ọtí.

Háídrómítà la fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń léfòó. Nínú omi lásán, 1.000 ló máa ń fi hàn. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni ọ̀pá náà á ṣe léfòó sókè tó, tí nọ́ńbà rẹ̀ á sì ga tó. Ẹ kà á kí ẹ tó da ìwúkàrà sí i, kí ẹ sì tún kà á nígbà tí ìwúkàrà bá ti parí iṣẹ́. Ẹ yọ nọ́ńbà kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi 131.25 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ọtí yín nìyẹn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sínú ìwé: 1.052. Lóru ọjọ́ náà, a da bíà láti ife kan sí èkejì títí ìhó rẹ̀ fi tán, nítorí ìhó máa ń gbé ọ̀pá náà sókè. A wọ̀n ọ́n: 1.008. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.044. Nígbà tí a sọ ọ́ di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.8. Ṣúgà díẹ̀ tí a fi sínú ìgò náà ti di ọtí, nítorí náà a kà á sí 6.

Ní Britain, yúnìtì kan jẹ́ mílílítà 10 alcohol. Páìntì jẹ́ mílílítà 568. Páìntì mẹ́ta ọtí ìdá 4 kò pé yúnìtì 7, àmọ́ ti ìdá 6 lé ní 10. Ara máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí yúnìtì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kò rí bákan náà. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ á rò pé ojú òun á ti mọ́ ní agogo méje. Ní tòótọ́, ó lè kọjá agogo mẹ́wàá kí ọtí náà tó tán lára rẹ̀.

A sọ fún un. Inú bí i díẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ háídrómítà ni wọ́n ṣe fún 20°C, bí omi bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má rọ ọtí sínú ìgò àfi tí nọ́ńbà kò bá yí padà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, torí ìgò lè bẹ́. Lákòótán, láti ọdún 1963 ni òfin Britain ti gbà wá láàyè láti pọn bíà fún ara wa láìgba ìwé àṣẹ, àmọ́ kò gbà wá láàyè láti tà á bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, gbogbo ìgò wa ló ní bébà lára: ọjọ́ tí a pọn ọ́n, nọ́ńbà méjèèjì, àti ìdá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa yẹn ṣì ń wá, ṣùgbọ́n bébà ló máa ń kọ́kọ́ kà kó tó na ife.