Ṣé O Mọ̀? Kaba Tó Jáde Látinú Àpò Fúláwà

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìyẹ ni ìyàwó àgbẹ̀ ti ń yan aṣọ?

Oúnjẹ adìyẹ ni mo wí o!

Òwú gidi ni wọ́n fi ń rán àpò nígbà náà. Fúláwà, ṣúgà, oúnjẹ ẹran, àpò òwú ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Tú àpò ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kan, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí àpò ìrẹsì wa. Tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó lé ní yáàdì kan! Bí àpò bá pé mẹ́ta, kaba àgbàlagbà ti délé.

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà gàdàgbà lára rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń pa á. Á sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi ọṣẹ gbo ó títí yóò fi ṣí.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1924, ọkùnrin kan, Asa T. Bales, tọ ìjọba lọ pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí àpò tó jẹ́ aṣọ ẹlẹ́wà láti ìbẹ̀rẹ̀? Kò pẹ́ tí fúláwà Gingham Girl fi jáde ní St. Louis nínú aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì.

Ni olódòdó bá dé. Ni aláràbarà bá dé!

Wàyí o, ọkọ ń lọ ra oúnjẹ adìyẹ, èékù aṣọ ìyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá a mu gan-an ni kó gbé wá. Bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́? Wọ́n á kó gbogbo tòkè kúrò!

Àpò mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ti ya aṣọ ìdáná sí lára. Gé e, rán an, so ó mọ́dìí.

Èyí tó wù mí jù ni okùn ẹnu àpò. Fa ìdí rẹ̀ níbi tó yẹ, fìììrì, gbogbo ẹnu àpò tú! Wọn kì í sọ okùn yẹn nù. Wọ́n á ká a jọ, wọ́n á fi kọ́ kóróṣé sí etí aṣọ ìdáná.

Ogun Àgbáyé Kìíní ńkọ́? Amẹ́ríkà kó fúláwà ránṣẹ́ sí Bẹ́ljíọ̀mù tí ebi ń pa. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fi òwú aláwọ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà sára àpò òfìfo, wọ́n dá a padà láti fi dúpẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkàwé Hoover, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní West Branch, ìpínlẹ̀ Iowa.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wá ńkọ́? Wọ́n fojú bù ú pé obìnrin àti ọmọdé tó lé ní mílíọ̀nù 3 ló ń wọ aṣọ àpò. Mílíọ̀nù mẹ́ta!

Kaba kan tí obìnrin kan rán ní Caldwell, ìpínlẹ̀ Kansas, ní 1959 fún ìdíje aṣọ àpò ti wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí.

Bí o bá ra aṣọ òwú àtijọ́ láti Amẹ́ríkà, gbé etí rẹ̀ sókè síbi tí oòrùn wà. Ṣé o rí àwọn ihò wíńníwínní tó tò lọ yẹn? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni okùn àpò gbà kọjá.