Mọ́tò Ìyá Aláṣọ: Bí Wọ́n Ṣe Tún Un Ṣe Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọ̀wẹnà

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá ní Àkúrẹ́ á rántí mọ́tò kékeré kan báyìí, aláwọ̀ búlúù, onílẹ̀kùn méjì, tó lúgọ sábẹ́ igi máńgòrò bí ológbò. Kí a tó ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, ìdajì èrò ti bọ́ síta lọ wò ó. Àwọn kan ní ó ní láti jẹ́ ti ọmọ olówó kan tó ti Àbújá wá. Rárá o. Ti Ìyá Aláṣọ ni, ọmọ ẹgbẹ́ wa láti ẹ̀ka Oǹdó. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a kọ ìtàn mọ́tò náà sínú ìwé wa yìí, ó sì gbà, bí a kò bá ti ní dárúkọ òun. Orúkọ tí ọjà ń pè é náà ni a ó máa pè é.

Peugeot 504 ni mọ́tò náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú 504 tí a máa ń há ara wa mọ́ bí ẹja inú agolo lọ sí Ìbàdàn àti Èkó nígbà kan. Coupé ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Pininfarina, ilé iṣẹ́ kan ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì, ló ya àwòrán ara rẹ̀ tó sì ń rọ ọ́. Ọdún 1969 ló jáde, ọdún 1983 ni wọ́n ṣíwọ́. Gbogbo Coupé tí wọ́n ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò tó 30,000, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ 504 lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni àti irú èyí tí a fi ń kó èrò. Wọn kò to Coupé níbẹ̀ rí.

Ọkọ Ìyá Aláṣọ, olùkọ́ èdè Faransé, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló rà á nígbà tó ń kàwé nílẹ̀ Faransé, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Èkó ní 1980. Bí ẹ bá jókòó ti bàbá yẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Safari nìyẹn: pé 504 ló gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975, àti pé ní 1978 irú Coupé tòun gan-an, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju tòun lọ, ni Jean-Pierre Nicolas tún fi gbà á. "Inú ẹrẹ̀ o! Kì í ṣe orí ọ̀dà!" Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pariwo.

Bàbá kú ní 2011. Àwọn ọmọ ní kí ìyá wọn ta mọ́tò, ó ní òun kò tà. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ ló ń yá a láti fi gbé ìyàwó. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó ń ra epo àti táyà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń wa mọ́tò náà láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, ó fẹ́ lọ gbé ìyàwó kan. Nígbà tó dé Ọ̀wẹnà, jíìpù àdáni kan já sí títì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìwo ọ̀tún wòsì, ó sì gbá a níwájú lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Fẹ́ńdà wó, iná iwájú fọ́ yángá, bọ́ńẹ́ẹ̀tì la ẹnu sókè, omi radiétọ̀ ń dà sílẹ̀ ṣọ̀ọ̀.

Onímọ́tò jíìpù jẹ́wọ́ pé òun ló jẹ̀bi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, òun á san owó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pe Ìyá lórí fóònù. Ohùn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ pé ó wà láàyè ti tó o. Ó ní, "Gbà á, kí o máa bọ̀ nílé jàre." ₦120,000 ni wọ́n gbà, ọmọ sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé òun kò tún ní gba ohunkóhun mọ́. A kò lè bá ìyá wí. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a padà mọ̀. Ìwé ìnṣọ́ráǹsì tí gbogbo wa ń rà nítorí ọlọ́pàá àti Road Safety, èyí tí a ń pè ní third party, kì í tún mọ́tò ẹni tó rà á ṣe. Mọ́tò ẹni tí onítọ̀hún bá gbá ló wà fún. Òfin ìnṣọ́ráǹsì ti ọdún 2003, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ní ó gbọ́dọ̀ lè san tó ₦1,000,000, ó kéré tán, lórí ohun ìní ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ráǹsì sún owó ìwé náà fún mọ́tò àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì gbé ohun tó lè san lórí ohun ìní dé ₦3,000,000. Ìjàǹbá Ọ̀wẹnà ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ìyẹn ni pé bí ìwé jíìpù yẹn bá jẹ́ ojúlówó, owó tó lè tún mọ́tò Ìyá ṣe tán porogodo ti wà ní sẹpẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò, kò sí ìwé ọlọ́pàá, ìwé tí ọmọ fọwọ́ sí sì ti ti ilẹ̀kùn pa. Ó dun Ìyá nígbà tí a ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó dun àwa náà.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ní Oǹdó. Ó lu fẹ́ńdà, ó rẹ́ pọ́tì lé e, ó fọ́n ọ̀dà sí i, ₦120,000 sì tán síbẹ̀ pẹ̀lú lé díẹ̀. Mọ́tò ń dán gbinrin. Àmọ́ bí eré bá ti dé 60, á máa fà sí òsì bí ewúrẹ́ tí a ń fà lọ sọ́jà. Táyà òsì jẹ tán láàárín oṣù méjì. Ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́.

Ìgbà yìí ni Ìyá wá bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa pé òun fẹ́ yá ₦700,000. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀. A ní owó ẹgbẹ́ wà fún ọjà, fún oko kòkó, fún owó ilé ìwé ọmọ. Mọ́tò tó dàgbà ju akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ ńkọ́? Akápò rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ yá mọ́tò lówó. Èmi ni kí ẹ yá. Láti 1991 tí mo ti ń dá owó níbí, ìgbà wo ni mo jẹ yín ní kọ́bọ̀?"

Gbogbo ilé dákẹ́. A wo ìwé rẹ̀: owó tó ti fi pamọ́ lé ní ìdajì ohun tó ń bèèrè, ìlọ́po méjì owó ẹni sì ni òfin ẹgbẹ́ wa fi àyè gbà. Onídùúró méjì dìde kí a tó pè wọ́n. Kí la tún fẹ́ wí? Àdéhùn kan ṣoṣo ni a fi sí i, pé a kò ní kó owó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni a ó máa san án, ẹnì kan yóò sì máa lọ wò ó. Àwa ni wọ́n yàn, bóyá nítorí ẹnu wa.

Àgbà páńẹ́ẹ̀lì bítà kan wà ní Àkúrẹ́ tí àwọn awakọ̀ júwe fún wa. Nígbà tí Ìyá kí i pé "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ó dáhùn pé, "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Ta ló ti kùn ún kó tó tọ́ ọ?" Kò fọwọ́ kan fẹ́ńdà rárá. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó mú okùn àti ṣọ́ọ̀kì jáde. Ó wọ̀n láti ojú bóòtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì lọ́wọ́ òsì dé igun iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì tún wọn ìkejì rẹ̀ ní ìdábùú, bí káfíńtà ṣe ń wọn férémù ilẹ̀kùn láti igun dé igun kó tó kàn án mọ́ ògiri. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ìka méjì ni wọ́n fi jura. Ó ní 504 kò ní sáàsì lọ́tọ̀ bíi ti lọ́rì, ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀, bí ara bá ti wọ́, kò sí bí ẹsẹ̀ ṣe lè tọ́. Gbogbo pọ́tì yẹn àti ọ̀dà yẹn, orí egungun tó wọ́ ni wọ́n kùn ún lé.

Ó de ìdí mọ́tò mọ́ òpó irin méjì tó rì mọ́ kọnkéré, ó fi ṣéènì mú imú rẹ̀, ó sì fi jáàkì fà á. Ó fà díẹ̀, ó wọ̀n. Ó tú u sílẹ̀, irin tún sún padà díẹ̀, ó tún fà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ara wa kò lélẹ̀, a ní ṣé kò lè fi gáàsì yọ́ ọ kó yá. Ó wò wá títí. "Ẹ̀gbọ́n, irin ibí yìí ló ń gba ẹni tó wà nínú mọ́tò là. Bí mo bá fi iná sun ún, ó ti rọ̀ nìyẹn. Bí ìjàǹbá mìíràn bá dé, á kákò bíi páálí." A dákẹ́. Ìka kan ló kù, ó di ìdajì ìka, lọ́jọ́ kẹrin okùn méjèèjì dọ́gba. Ìgbà náà ló tó gé ibi tó ti kákò, tó sì fi irin tuntun jó o.

Ìgbà tí a ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ kiri ni a tó mọ̀ pé inú mọ́tò yìí ní ẹbí káàkiri, ara rẹ̀ kò ní. Ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀yà sítíárínì, àwọn egungun ẹsẹ̀ iwájú, ti 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin bá a mu, ọ̀sán ọjọ́ kan ni a fi rà wọ́n tán ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n fẹ́ńdà, bọ́ńẹ́ẹ̀tì, iná, gíláàsì, kò sí èyí tó jọra. A dé Gate ní Ìbàdàn, a dé Ládípọ̀ ní Èkó. Ọ̀gbẹ́ni kan fi ìyá rẹ̀ búra fún wa pé fẹ́ńdà ọwọ́ òun, ti Coupé ni. A gbé e ka iwájú fọ́tò tí a mú dání: ti onílẹ̀kùn mẹ́rin gbáà ni. A bá padà sílé. Bàbá họ pọ́tì Oǹdó kúrò, ó nípọn tó ìka, ó gbé fẹ́ńdà àtijọ́ lé àpò iyanrìn, ó sì ń fi òòlù igi lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ti iná iwájú, àbúrò olóògbé tó ń gbé nílẹ̀ Faransé ló rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́, arìnrìn-àjò kan sì fi àpótí aṣọ gbé e wálé. Iná kan ṣoṣo yẹn wọ́n ju gbogbo ṣọ́ọ̀kì lọ. Kò sí nínú ìṣirò wa. Ìyá ta ìdì àǹkárá méjì sí i.

Kí wọ́n tó kùn ún, Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ wà á lọ sí Oǹdó kí a sì padà, nítorí mọ́tò tí kò bá tọ́, ọ̀dà kò lè tọ́ ọ. Ìyá jókòó níwájú, àwa wà lẹ́yìn. Ní ibì kan tí ọ̀nà ti gún gbọọrọ, ọmọ rẹ̀ jọ̀wọ́ sítíárínì díẹ̀, mọ́tò kò yà. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, Ìyá ní kí ó dúró. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà fún ìgbà díẹ̀. "Ibí ni?" Ọmọ ní ibẹ̀ ni. "Ó dáa, máa lọ."

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦860,000. Ìyá ti san oṣù márùn-ún nínú ẹ̀yáwó náà, kò sì pẹ́ rí. Ilẹ̀kùn òsì ṣì ń fẹ́ kí a tì í pẹ̀lú agbára díẹ̀ kó tó pa dé. Bàbá ní kí wọ́n gbé e padà wá bá òun lẹ́yìn iléyá.