Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ orúnkún, ṣé ẹ fẹ́ rìn ni àbí ẹ fẹ́ kúnlẹ̀?

Ẹni tó bá dúró sí Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ kùtùkùtù á mọ̀ pé ojú orúnkún ń rí nǹkan. Àwọn ìyá ọlọ́jà á máa há ara wọn mọ́ inú Máíkírà tó ń lọ s'Ójòó, àwọn tó ti oko dé á máa sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn tó fẹ́ wọ rélùwéè lọ s'Ékòó á máa gun àtẹ̀gùn ní tésàn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ ò ní ṣàì rí ìyá kan láàárín wọn tó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, tó ń mí hẹlẹ, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wọlé ṣùgbọ́n tí tòsì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ bi í léèrè, á ní làkúrègbé ni. Ó ti fi òrí pa á, ó ti mu àgbo, ó ti gba abẹ́rẹ́ títí, orúnkún ò gbọ́.

Níkẹyìn, dókítà á ya àwòrán eegun, á ní ohun tó ń yọ̀ bọ́rọ́ lórí eegun méjèèjì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn, ti jẹ tán. Á ní orúnkún yìí, àfi ká pààrọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà ní London á tẹ̀ ẹ́ láago pé Màmá, ẹ má gbà, àfi èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Àbúrò ọkọ á ní titanium ló dára jù. Aládùúgbò á ní ti Amẹ́ríkà lòun gbọ́ pé kì í bàjẹ́. Olúkúlùkù á máa pe orúkọ ilé iṣẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú, wọn kì í sábà bèèrè ẹ̀: kí ni màmá fẹ́ fi orúnkún ọ̀hún ṣe?

Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa orúnkún fẹ́ni tí ò fẹ́ jókòó sójú kan, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ni wọ́n máa ń sọ, àti yíyọ̀ lórí yìnyín. Tiwa yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyàwó tí ò bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀. Mùsùlùmí ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Àgbẹ̀ ń lóṣòó láàárín ebè, ọ̀pọ̀ ilé ló sì jẹ́ pé ṣáláńgá ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá gbé ìwé òyìnbó wá bá dókítà láì sọ gbogbo èyí, ó kù díẹ̀ káàtó.

Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní orúnkún àtọwọ́dá? Wọn kì í yọ orúnkún jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn kan ṣe ń rò. Ibi tó ti jẹ lórí eegun ni wọ́n máa ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi irin dídán dé orí eegun itan, wọ́n á fi pẹpẹ irin sórí eegun ojúgun, wọ́n á wá fi ike líle kan sáàárín méjèèjì kí irin má baà ha irin. Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1890, dókítà ará Jámánì kan, Themistocles Gluck, ti fi eyín erin ṣe orúnkún fún aláìsàn ní Berlin, ṣùgbọ́n àrùn kòkòrò ò jẹ́ kó pẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣẹ́ títí dòní, ọ̀dọ̀ John Insall àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní New York ló ti jáde lọ́dún 1974.

Nínú yíyàn, ohun àkọ́kọ́ ni bóyá odindi ni wọ́n máa pààrọ̀ àbí apá kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, tí àwọn iṣan tó di orúnkún mú ṣì le, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan. Ojú ọgbẹ́ ẹ̀ kéré, ó tètè ń jinná, ó sì máa ń ṣe ẹni bíi pé orúnkún àbínibí ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé nínú orúnkún 100 tí wọ́n pààrọ̀ lódindi, nǹkan bíi 82 ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Tí apá kan, nǹkan bíi 70 ni. Ìyẹn ni pé ohun tó dùn jù lónìí lè tètè béèrè àtúnṣe lọ́la.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún kó tó ṣe é, nínú irú wọn 20, bí ẹnìkan ló máa tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù fún orúnkún kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ṣe é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 50, nǹkan bíi 35 nínú 100 ló ṣeé ṣe kó padà, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2017 ṣe sọ. Kì í ṣe pé irin wọn ò dára. Wọ́n ń lò ó jù, ọjọ́ tí wọ́n máa lò láyé sì tún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ fún ẹni tí kò tíì dàgbà pé kó ní sùúrù díẹ̀, kó kọ́kọ́ dín ọ̀rá ara kù. Kílò kan téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń bọ́ kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìkúnlẹ̀. Láti gun àtẹ̀gùn, orúnkún ní láti tẹ̀ dé nǹkan bíi 90 dígírì. Ọ̀pọ̀ orúnkún àtọwọ́dá ń tẹ̀ dé 110 tàbí 120. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jókòó lé gìgísẹ̀ ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nídìí ìrun, nílò ju 140 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì ti ṣe irú kan tí wọ́n ní ó lè tẹ̀ dé 155. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ó sì ń gbówó lórí. Àmọ́ nígbà táwọn oníṣègùn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn ò tó nǹkan. Ohun tó ń sọ bí orúnkún tuntun ṣe máa tẹ̀ tó ni bí ti àtijọ́ ṣe ń tẹ̀ tó kí wọ́n tó là á. Orúnkún tó ti gan pa fún ọdún mẹ́wàá, kò sí irin tó máa sọ ọ́ di ti ọmọdé.

Èyí ò wá ní kéèyàn má kúnlẹ̀ mọ́ láé. Tí ojú ọgbẹ́ bá ti san dáadáa, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbà á láyè, lórí tìmùtìmù tàbí ẹní tó nípọn. Kì í ba irin jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ni àwọn kan lára, ẹ̀gbẹ́ àpá náà sì lè kú tipiri. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba ẹni tí ò lágbára láyè láti kírun lórí àga. Ìyá ọkọ tó bá sì láròjinlẹ̀, á gba ìkí pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ìrìn, kẹ̀kẹ́, ìlúwẹ̀ẹ́, ijó lóde ìnáwó, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀lù gbígbá, eré sísá àti fífò sókè ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Billie Jean King, òkìkí agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ará Amẹ́ríkà, pààrọ̀ orúnkún ẹ̀ méjèèjì lọ́dún 2010, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 66.

Ní ti orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pariwo, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Exactech, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike orúnkún ẹ̀ padà lọ́dún 2021. Àpò tí wọ́n dì í sí ò dá afẹ́fẹ́ dúró dáadáa, ike náà sì lè tètè jẹ. Ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó ti wọ ara àwọn èèyàn. Nígbà tó fi di 2024, ilé iṣẹ́ náà ti lọ sílé ẹjọ́ pé agbára àwọn ò ká gbèsè mọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo orúnkún ló ní ìwé pélébé tí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́ ọsibítù, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí.

Ọwọ́ tó fi irin síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ irin lọ. UCH wà n'Ìbàdàn níbí láti 1957, Igbóbì wà l'Ékòó láti 1945. Ẹ bi dókítà pé: ẹ̀yin fúnra yín, mélòó lẹ ń ṣe lọ́dún kan? Irú wo ló mọ́ yín lọ́wọ́ jù? Ẹ̀gbẹ́ mélòó ló jẹ lára tèmi? Tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá ń yún yín létí, ẹ sọ, nítorí ara àwọn kan kì í gba nickel tó wà nínú irin náà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí i pé ṣúgà ara òun wálẹ̀, torí kòkòrò tó bá wọ ibi irin ṣòroó lé jáde.

Iṣẹ́ tó kù, ti aláìsàn ni. Bọ́lá Tinubu, kó tó di ààrẹ, ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún lọ́dún 2021. Ó pẹ́ lókè òkun débi pé olóògbé Muhammadu Buhari lọ kí i ní London. Nígbà tó dé, òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé ìdárayá tí wọ́n ń fún òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló le. Bó ṣe máa ń rí fún olówó ló ń rí fún ìyá tó ń ta ẹ̀gẹ́ ní Mọ́níyà. Ẹni tó bá ra irin olówó gọbọi, tó wá sùn sílé torí pé ìdárayá ń dùn ún, orúnkún ẹ̀ á gan.

Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe: kẹ́ ẹ wọ Máíkírà láì di ilẹ̀kùn mú, kẹ́ ẹ dé oko, kẹ́ ẹ jó níyàwó ọmọ. Ẹ gbé e síwájú dókítà, kó sọ òótọ́ èyí tó ṣeé ṣe àti èyí tí ò ṣeé ṣe fún yín. Abéèrè kì í ṣìnà.